Ọ̀wọ́n Epo Àti Ọ̀wọ́n Ọjà Ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọjà ti wọ́n tó ní etí òkun Ìlàjẹ, láti Igbókòdá títí dé Ayétòrò àti Awóyè, kí ó má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí tàbí ìrẹsì. Kí ó béèrè iye tí wọ́n ń ta lítà epo bẹntiróò kan, iye ìgò epo òyìnbó kan, àti iye ìdì igi ìdáná kan. Bí ó bá ti mọ mẹ́ta wọ̀nyí, ìyókù kì yóò ṣòro fún un láti mọ̀. Nítorí pé ní ilẹ̀ tí omi yí ká, ohun tí a fi ń dáná àti ohun tí a fi ń wa ọkọ̀ ni ó ń bí iye owó gbogbo ohun mìíràn. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin ònkàwé wa lónìí, ẹ̀yin oníṣòwò àti gbogbo ará ìlú, nítorí a rí i pé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀wọ́n ọjà ní orílẹ̀-èdè yìí kò bá ìgbé-ayé àwọn ará odò mu tó bí ó ti yẹ, ìyà tí èyí sì ń mú wá kò kéré.

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun ni ó sì bá Òkun Ńlá pààlà. Igbókòdá ni olú-ìlú rẹ̀. Mọ́tò lè dé Igbókòdá láti Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tí ó wà ní etí òkun gan-an, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ọ̀nà. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Ọkọ̀ agbépo lè já epo sí Igbókòdá. Lẹ́yìn náà a ó rọ epo náà sínú àgbá àti kẹ́ẹ̀gì, a ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà pẹ̀lú yóò sì jẹ nínú epo tí ó ń gbé lọ. Nígbà tí yóò fi dé ọwọ́ ìyá tí ó ń tà á ní ìgò-ìgò lórí afárá igi, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, olúkúlùkù ọwọ́ wọ̀nyí ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹ èrè díẹ̀. Nítorí náà iye tí a kọ sára ẹ̀rọ ní ilé-epo ní ìlú ńlá kì í ṣe iye tí ará odò ń san.

Ìlàjẹ kò ṣàìmọ ohun tí iná mànàmáná ń jẹ́. Àwọn ará Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, ti ní iná tiwọn fúnra wọn láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú olókìkí ní òkè kò tíì rí i sójú. Ṣùgbọ́n ní àkókò tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó lo ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń pèsè iná wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Òkìtìpupa, tí kò jìnnà sí wọn. Epo rọ̀bì pẹ̀lú ń jáde láti inú òkun Ìlàjẹ, nípa èyí ni a sì fi ń ka ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí ń mú epo wá, tí Òfin Orílẹ̀-Èdè ti 1999 pàṣẹ pé kí wọ́n gba ó kéré tán 13 nínú 100 nínú owó epo tí ó ti ilẹ̀ wọn jáde. Ẹni tí epo ti abẹ́ ilé rẹ̀ jáde ni ó ń ra epo ní ọ̀wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti di orin lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, àwa kò sì fẹ́ fi gbogbo ojú ìwé yìí kọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ni kí a fi ìṣirò ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣe fún àpò àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ẹja kan ṣoṣo. Apẹja gbọ́dọ̀ da epo bẹntiróò sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó lè jáde lọ sí òkun, àti kí ó tó lè padà. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí oníbàárà rẹ̀ yóò gba ẹja náà, yóò sì tò ó sórí ààrò láti yan án, nítorí níbi tí kò sí iná mànàmáná kò sí ẹ̀rọ tí ó lè mú ẹja tutù di ọjọ́ kejì. Igi ìdáná ni èyí ń jẹ. Bákan náà ni edé. Lẹ́yìn èyí ẹja yíyan yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Igbókòdá, epo bẹntiróò lẹ́ẹ̀kejì; láti Igbókòdá yóò wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, sí Oǹdó, sí Àkúrẹ́ tàbí sí Èkó, epo lẹ́ẹ̀kẹta. Gààrí àti ata tí apẹja náà yóò fi owó ẹja rà yóò gba ọ̀nà kan náà padà, wọn yóò sì jẹ epo tiwọn. Nítorí náà nígbà tí epo bá gbówó lórí, ará odò san án nígbà tí ó ń tà, ó sì tún san án nígbà tí ó ń rà. Ará òkè tí ó ní oko lẹ́yìn ilé lè sá fún díẹ̀ nínú rẹ̀. Ibo ni ará odò yóò sá sí?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí Ìjọba ti ń wọn ọ̀wọ́n ọjà. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-Èdè, tí a mọ̀ sí NBS, ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa wo iye owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ní oṣooṣù, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ jọ bí ẹni pé inú agbọ̀n kan ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà nínú agbọ̀n náà kì í wúwo bákan náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ná owó púpọ̀ lé lórí ni a fún ní ìwọ̀n tí ó tóbi, èyí tí wọ́n ń ná owó díẹ̀ lé lórí ni a fún ní ìwọ̀n kékeré. Èyí bá ọgbọ́n mu, nítorí bí iyọ̀ bá fi ìlọ́po méjì wọ́n, kì yóò ba ilé jẹ́ bí ìgbà tí gààrí bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Èrèlè 2025, Àjọ yìí kéde pé òun ti pààrọ̀ agbọ̀n náà. Agbọ̀n àtijọ́ ti 2009 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tuntun fi 2024 ṣe ìpìlẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024, agbọ̀n àtijọ́ sọ pé ọjà fi 34.80 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, agbọ̀n tuntun sọ pé 24.48 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì bínú, wọ́n ní irọ́ ni, nítorí wọ́n dé ọjà wọn kò sì rí ohun kan tí ó rọ̀. Inú wọn kò yẹ kí ó bàjẹ́ sí àwọn oníṣirò lórí èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, bí iye tí ọ̀wọ́n fi ń pọ̀ sí i bá dínkù, kò túmọ̀ sí pé ọjà rọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọjà ń wọ́n sí i, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó bá fi ọ̀pá kan wọn aṣọ ní àná, tí ó sì fi ọ̀pá mìíràn wọn ọ́n lónìí, kò lè sọ pé aṣọ náà ti sún kì. Ọ̀pá ni ó yípadà. Agbọ̀n tí ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì yẹ ní pípààrọ̀.

Ohun tí ó kan Ìlàjẹ ni èyí tí ó wà nínú agbọ̀n tuntun náà. Nínú agbọ̀n àtijọ́, ìpín tí a kó ilé gbígbé, omi, iná mànàmáná, gáàsì àti epo ìdáná sí ní ìwọ̀n 16.7 nínú 100. Nínú agbọ̀n tuntun, 8.4 ni ó kù. Ọkọ̀ wíwọ̀ ni ó gòkè, láti 6.5 dé 10.7. Àwa gbà pé èyí lè jẹ́ òtítọ́ fún Nàìjíríà lápapọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òṣùwọ̀n tí ó kó Kánò, Èkó, Ẹnúgu àti Awóyè pọ̀ mọ́ ara wọn yóò sọ òtítọ́ nípa gbogbo wọn, kì yóò sì sọ òtítọ́ nípa èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Kí a ní ilé méjì wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná 100 náírà. Ilé kìíní ń ná 8 nínú rẹ̀ sórí ohun ìdáná àti iná. Ilé kejì, tí ń yan ẹja, tí ń tan ẹ̀rọ amúnáwá, tí ó sì ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lọ sí ọjà, ń ná 25. Bí iye owó epo àti igi bá di ìlọ́po méjì, tí ohun mìíràn kò sì yẹsẹ̀, ilé kìíní yóò máa ná 108, ilé kejì 125. Ọ̀wọ́n kan náà ni ó bá wọn, ọjọ́ kan náà sì ni. Ṣùgbọ́n ìyà ọ̀kan ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ. Bí Ìjọba bá wá fi òṣùwọ̀n ilé kìíní pín owó ìrànwọ́, ilé kejì yóò gba èyí tí kò tó, a ó sì máa rò pé a ti tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé a máa fẹ́ràn òṣùwọ̀n kan tí wọ́n yọ ohun oko àti epo kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn méjèèjì a máa fò sókè-sódò jù, wọn kì í jẹ́ kí a rí ibi tí ọjà ń lọ gan-an. Èyí dára fún ẹni tí ó jókòó ní Báńkì Àpapọ̀ tí ó ń rò iye èlé owó. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ní etí omi, epo ni orí ọ̀rọ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni ó kù tí a ń wọ̀n? Inú wa dùn pé nígbà tí Àjọ Ìṣirò pààrọ̀ agbọ̀n rẹ̀ ní 2025, ó fi òṣùwọ̀n pàtàkì kan kún un tí ó jẹ́ ti epo àti iná nìkan. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a gbé òṣùwọ̀n náà wọ inú odò.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àríyànjiyàn lórí òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan. Ìtàn orílẹ̀-èdè yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò Ogun Hitler, nígbà tí ọjà wọ́n gógó, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi iye kan lé gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó lábẹ́ ètò tí Ọ̀gágun Pullen ń darí, àwọn obìnrin ọjà tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn sì kọ̀ ọ́ tagbáratagbára. Nínú ìwé Ìjọba, iye gààrí kò ga. Ní ọjà, a kì í rí i rà ní iye náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí a ń fún wọn kò tó, wọ́n béèrè pé kí a fi 50 nínú 100 kún un. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 1945, Michael Imoudu ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbìmọ̀ tí W. Tudor Davies jẹ́ olórí rẹ̀ wá ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, ní 1946 ó sì dámọ̀ràn ìdá 50 náà gan-an. Ẹ kíyèsí i: iye tí a kọ sínú ìwé àti iye tí ń bẹ ní ọjà ni wọ́n bá ara wọn jà, iye ọjà ni ó sì borí, lẹ́yìn ìjìyà púpọ̀.

Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ sí epo òyìnbó ní àkókò tí kò tíì pẹ́. Títí di ìparí 2015, 50 náírà ni iye tí Ìjọba fi lé lítà rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí i rà ní iye náà ní etí odò? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016 wọ́n gbé e sí 83, lẹ́yìn náà wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà. Kí 2022 tó parí, iye tí Àjọ Ìṣirò rí káàkiri orílẹ̀-èdè ti kọjá 1,000 náírà fún lítà kan. Ìdí kan ni pé epo òyìnbó àti epo tí ọkọ̀ òfúrufú ń mu jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine sì gbé iye epo sókè ní gbogbo ayé ní 2022, fìtílà ará Ayétòrò ń bá ọkọ̀ òfúrufú du epo kan náà. Ìdí kejì ni pé náírà ń rọ sílẹ̀ níwájú dọ́là. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé èyí ṣẹlẹ̀ kí a tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù Èbìbí 2023. Àwọn tí kò ní ju fìtílà àti sítóòfù lọ ni iná kọ́kọ́ jó, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa epo mọ́tò.

Bí a bá wá fẹ́ òṣùwọ̀n kan tí kò ní ẹ̀tàn, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá lè ṣe ìṣirò rẹ̀, èyí ni àwa dábàá: lítà epo bẹntiróò mélòó ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin lè rà? Ní 2011, owó oṣù náà jẹ́ 18,000 náírà, epo sì jẹ́ 65 náírà. Ó ra lítà 276. Ní 2019, owó oṣù di 30,000, epo 145. Ó ra lítà 206. Ní oṣù Èbìbí 2023, owó oṣù kò tíì yí, ṣùgbọ́n iye epo tí Àjọ Ìṣirò rí káàkiri orílẹ̀-èdè jẹ́ 238 náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Kò pé lítà 126. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìkéde Ààrẹ Tinúbú, epo fò sókè ju 545 lọ. Ní oṣù Agẹmọ 2024, owó oṣù di 70,000, gbogbo ènìyàn sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, iye epo tí Àjọ rí jẹ́ 1,184 náírà àti kọ́bọ̀ 83. Lítà 59 péré! Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fi 3,000 lé e, ó di 73,000. Àfikún náà ra lítà méjì àti ààbọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin mọ ìtumọ̀ èyí. Láti 2011 dé 2024, owó oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Epo di ìlọ́po méjìdínlógún. Ẹni tí owó rẹ̀ ń rìn lórí ilẹ̀ kò lè bá ẹni tí ń fò pàdé. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé iye tí a fi ṣe ìṣirò yìí jẹ́ ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ẹni tí ó wà lórí omi a máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ, apẹja kì í sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò wí pé, bí epo bá tilẹ̀ wọ́n, ṣé kì í ṣe ìwọra àwọn oníṣòwò ni ó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n? Àwa kò sẹ́ pé ìwọra wà. Nígbà tí epo bá gòkè, owó ọkọ̀ a gòkè ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí epo bá sọ̀kalẹ̀, owó ọkọ̀ a máa wá àwáwí. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí ó wà ní Ìbẹ́jú-Lékí ní etí òkun kan náà tí Ìlàjẹ wà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo bẹntiróò ní oṣù Owewe 2024, ó sì dín iye rẹ̀ kù ní ìgbà mélòó kan ní 2025. Mélòó nínú àdínkù náà ni ó dé orí afárá igi? Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú dáhùn, nítorí kò sí ìwé kan tí a ń kọ ọ́ sí. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi dára fún oníṣòwò olóòótọ́ pẹ̀lú. Níbi tí kò sí àkọsílẹ̀, gbogbo oníṣòwò ni a ń pè ní olè. Níbi tí àkọsílẹ̀ bá wà, a ó rí ẹni tí ó gba èrè tí ó tọ́, a ó sì rí ẹni tí ó ré ènìyàn jẹ.

Ìpalára mìíràn wà tí kò hàn nínú owó. Nígbà tí epo òyìnbó bá wọ́n kọjá agbára, àwọn ènìyàn a padà sí igi, igi tí ó sì súnmọ́ wọn jù lọ ni àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn di ilẹ̀ mú kí ìgbì má baà wó o lọ. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí òkun ti ṣe sí Ayétòrò mọ̀ pé Ìlàjẹ kò ní ilẹ̀ tí yóò fi ṣòfò. Àwọn mìíràn a máa da epo bẹntiróò pọ̀ mọ́ epo òyìnbó kí èrè wọn lè pọ̀, èyí sì ti jó ọ̀pọ̀ ìdílé ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ilé onígi tí ó wà lórí omi, tí kẹ́ẹ̀gì epo wà lábẹ́ ibùsùn, ìṣáná kan ti tó. Nítorí náà iye owó epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò nìkan; ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀. Ní 2022, ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, gáàsì àti iná mànàmáná wọ́n débi pé ní oṣù Ọ̀wàrà ọ̀wọ́n ọjà dé 11.1 nínú 100, èyí tí wọn kò rí irú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Níbẹ̀ àjọ kan wà tí a ń pè ní Ofgem, tí ń kéde iye tí ilé-iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ kọjá. Iye tí ó kéde fún ilé tí ń lo iná níwọ̀nba jẹ́ 3,549 pọ́n-ùn ní ọdún kan. Ìjọba rí i pé àwọn ènìyàn kò lè rù ú, ó sì dá a dúró sí 2,500, ó san ìyókù. Àwa kò sọ pé Nàìjíríà ní owó láti ṣe bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni owó ìrànwọ́ orí epo tí a ti san níhìn-ín rí kò dé ọ̀dọ̀ tálákà tó bí a ti rò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé wọ́n mọ iye tí ilé kan ń san kí wọ́n tó mọ irú ìrànwọ́ tí wọn yóò ṣe. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ń dùn ènìyàn, oògùn wo ni yóò fún un?

Nítorí náà a mú ìmọ̀ràn mẹ́rin wá, kò sì sí èyí tí ó le jù nínú wọn.

Èkíní, kí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-Èdè àti ti ìpínlẹ̀ Oǹdó máa rán ènìyàn kọjá Igbókòdá lọ sí orí omi gan-an, kí wọ́n sì kọ iye ibẹ̀ sọ́tọ̀, láìdà á pọ̀ mọ́ ti Àkúrẹ́. Ohun márùn-ún ti tó: epo bẹntiróò, epo òyìnbó, igi ìdáná, gáàsì, àti owó ọkọ̀ láti Igbókòdá dé Ayétòrò.

Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ọjà ní Igbókòdá àti ní àwọn ìlú etí òkun fúnra wọn ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ iye márùn-ún yìí sí ní ọjọ́ ọjà kan náà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà. Ìgò kò gbọdọ̀ jẹ́ ńlá lónìí kí ó jẹ́ kékeré lọ́la, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye kì í yí ṣùgbọ́n tí ìgò ń sún kì, ọ̀wọ́n sì ni èyí náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kà á. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí Ìjọba bá pẹ́ kí ó tó dé, ìwé tiwa yóò ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ń ṣe ètò owó fún ilẹ̀ epo, àti àjọ OSOPADEC tí ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ nítorí irú àwọn ìlú wọ̀nyí, máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń pín. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa, tí ó gba ipò ní ìparí 2023 tí a sì dìbò yàn ní 2024, jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ fúnra rẹ̀. A kò nílò láti ṣàlàyé bí omi ti rí fún un.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó tóbi jù. Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ ní àyè láti máa ṣe àkóso iná tirẹ̀, Oǹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí àjọ ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 2024. Nísinsìnyí kò sí ẹni tí a lè máa nàka sí ní Àbújá mọ́. Bí ó jẹ́ okùn iná ni wọn yóò nà dé orí omi, tàbí ẹ̀rọ tí ń gba agbára oòrùn, kí wọ́n ṣe ìṣirò èyí tí owó rẹ̀ kéré jù fún ará ilé, kí wọ́n sì ṣe é. Ilé tí ó bá ní iná yóò lè mú ẹja rẹ̀ tutù títí iye tí ó dára yóò fi dé, kì yóò sì máa tà á ní ọ̀pọ̀ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú gbogbo aládùúgbò rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn baba wa tí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 kò lọ sọ́dọ̀ Ìjọba pẹ̀lú ẹkún nìkan. Wọ́n mú iye ọjà lọ́wọ́, a kò sì lè jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ títí. Kí ẹ̀yin ará Igbókòdá, Ayétòrò, Ugbò, Máhìn àti Awóyè tí ń ka ìwé yìí mú ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé ọgọ́ta kan, kí ẹ fa ìlà márùn-ún sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Ní òpin ọdún kan, ẹ mú un tọ àwọn aṣojú yín lọ. A ó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọn yóò wí.